Bí Iná Pupa Bá Ti Kú

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́ ná, ibi tó dùn jù ló ń bọ̀ yìí!"

Ọ̀gá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lára ògiri bí ẹni pé a ò tíì rí i láti àárọ̀. Gbogbo wa la ti kó ara wa jọ sí yàrá ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wo abala tuntun kàtúùnù wa kó tó jáde fún aráyé: àwọn ayàwòrán tí kọ̀ǹpútà ti pọ́n lójú, ọkùnrin tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ tí a ń pè ní Olóhùn, àti àwa tí à ń yá àwọn èèyàn inú kàtúùnù lóhùn. Èmi ni mò ń ṣe ìyá àgbà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Àgbà, títí kan àwọn tí irun wọn funfun ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyá Bíńtín jókòó sápá ọ̀tún mi, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré jókòó lé e nítan, ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì.

Bíńtín kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Orúkọ ọmọ inú kàtúùnù wa ni. Ìdílé kan ni kàtúùnù ọ̀hún, Ilé Aláriwo, dá lé lórí: bàbá ń sá fún iṣẹ́, ìyá ń jágbe, ìyá àgbà ń jí ṣúgà lá, ọmọ wọn kékeré sì ń da ìbéèrè bo gbogbo ayé. Ìyá Bíńtín ló ń ṣe ohùn ìyá, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló ń ṣe ohùn Bíńtín. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi gbàgbé orúkọ àwọn méjèèjì. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é lórúkọ gidi, kò ní dáhùn. Ẹ ní "Bíńtín!", á ti dé iwájú yín, á ti máa bi yín ìdí tí ẹyẹ kì í fi làágùn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi fúnra mi ti fún un ní súìtì rí kó lè jẹ́ kí n gbádùn etí mi.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, Bíńtín ti kàtúùnù wọlé, ó dúró níwájú dígí, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fà á bí ẹni ń na rọ́bà. Ohùn rẹ̀ wá jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ní mi ò jọ yín. Mo ti ń sùn síbi tí ẹ máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ojú mi lè máa dà bíi tiyín díẹ̀díẹ̀. Etí mi náà, mò ń fà á láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé èmi lọmọ yín. Àbí èmi kọ́ ni?"

Ẹ̀rín bú jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ayàwòrán náà bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá ń lu itan rẹ̀.

Mo mọ gbogbo ohùn tí ọmọ yẹn máa ń ṣe fún iṣẹ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn nìyí. Mo wo ọ̀tún mi. Bisikíìtì ti dúró sáàárín ọ̀nà ẹnu rẹ̀.

"Màmá," ló wí fún ìyá rẹ̀, jẹ́jẹ́, "iná ti kú nígbà tí mo sọ ìyẹn."

Ìyá rẹ̀ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹ̀rín tún dé lójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́ẹ̀kejì, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, láàárín rẹ̀ ni ẹ̀rín ọkùnrin kan ti ga ju ti gbogbo èèyàn yòókù, ẹ̀rín tó ń já lulẹ̀ níparí bí ẹni tí òsúkè ń gbé. Èmi náà dá a mọ̀. Ọlọ́run mi.

Ọmọ náà gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí Bàbá ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má dà bíi pé mò ń sọ̀rọ̀ iwin. Ẹ̀rín inú kàtúùnù wa, kì í ṣe ẹ̀rín àwọn tó ń wò ó. A ti rín in sílẹ̀ látìgbà pípẹ́, à ń pè é ní ẹ̀rín àpótí. Lọ́jọ́ tí a gbà á sílẹ̀, Ọ̀gá pe gbogbo ẹni tó wà lọ́gbà, ó ní ká máa rẹ́rìn-ín, ká sáà máa rín in títí. Ọkọ Ìyá Bíńtín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Káfíńtà ni, ilẹ̀kùn yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ló wá tún ṣe. Wọ́n fà á wọlé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ní etí tó yọ síta lọ́tùn-ún lósì, tó lè há pẹ́ńsù sí méjèèjì kó sì máa sáré kiri, pẹ́ńsù ò ní jábọ́. Nígbà tí Ọ̀gá ní ká rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n fi rẹ́rìn-ín?" Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Fi etí ẹ rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ yẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ó kú kí ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Àkàbà ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni àbúrò rẹ̀ ti kó wọ inú ilé tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó ń rìn láti yàrá dé yàrá, tó ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun bí ò jọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn. "Ẹ wo etí ẹ̀. Ẹ sáà wo etí ẹ̀." Etí ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà mú wáyé, kékeré, tó lẹ̀ mọ́ orí. Pẹ́ńsù bàbá rẹ̀ tó kù sílẹ̀, ó máa ń fi há etí, á jábọ́, á tún un mú, á tún jábọ́. Olórí ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló sáà ń dá a lẹ́kun. Baba náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé ilé káfíńtà, ti ọmọ káfíńtà ni, kò sẹ́ni tó lè lé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu baba yẹn ni wọ́n fi rọ́jú sùn níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ ò ju balùwẹ̀ lọ. Fóòmù ló bo ògiri rẹ̀, kò ní fèrèsé, máìkì kan ṣoṣo ló dúró láàárín. Iná pupa wà lókè ilẹ̀kùn. Bó bá tàn, o ò gbọdọ̀ wúkọ́. Bó bá kú, o lè sọ tinú ẹ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lóṣòó síwájú ọmọ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọbẹ̀, tó ní, "Ṣé o rí iná yẹn? Bí iná pupa bá ti kú, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹ mọ́." Ọmọ gbà á gbọ́. Nínú ilé tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibo ni ì bá ti rí àyè bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Inú yàrá fóòmù yẹn nìkan ló dákẹ́. Bí a bá ti parí iṣẹ́, á ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ mú omi òun. Àṣé iná nìkan ló máa ń kú. Máìkì ò kú. Ọ̀gá ti ní kí Olóhùn má ṣe pa á láéláé, kó tọ́jú ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ibi tó ń kó wọn sí nínú kọ̀ǹpútà, Àjẹkù ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Bíńtín tẹ̀ lé Ọ̀gá dé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án náà, mo sì tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, "ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ni ín."

"Dìde, dìde. Ìyá Bíńtín, ṣé o mọ ohun tí ọmọ ẹ ṣe? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn òǹkọ̀wé mi ti ń gbìyànjú àtikọ irú ẹ̀. Ojúlówó ni!"

"Ojúlówó ni, sà. Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ yọ ọ́."

"Kàtúùnù ni, àbúrò. Àwàdà ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn rẹ̀," ni mo wí. "Ẹ tiẹ̀ mú ẹ̀rín bàbá ọmọ tó ti kú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá, ṣé orí yín pé?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò rántí pé káfíńtà kankan wà láyé rí. Ó wá yíjú sí obìnrin tó wà nílẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wọn wá sẹ́nu géètì yìí pọ̀ o. Ojoojúmọ́ ni. Mi ò dá wọn lóhùn, torí tìẹ ni. Má jẹ̀ẹ́ kí n dá wọn lóhùn."

Ìyá Bíńtín dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, sà." Iṣẹ́ yìí nìkan ló ní.

Abala náà jáde lópin ọ̀sẹ̀. Ó ràn bí iná ọyẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, fífa etí ti di eré láàárín ìgboro. Àwọn ọmọ iléèwé ń fa etí sí ọmọ náà lójú ọ̀nà: "Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?" Àgbà náà ń ṣe é. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wọn fa etí tirẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rò pé òun ń ṣe é lóore ni. Ọmọ náà gba búrẹ́dì, ó kúnlẹ̀, kò sọ ohun kan. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nílé, á kọ́kọ́ wo òkè, á wo kọ̀rọ̀ ilé yíká, lẹ́yìn náà ni á wá fẹnu sí òun létí. Nígbà tó yá, ó ń wò yíká lásán ni, kò wá sétí òun mọ́.

Ọ̀gá wà lórí rédíò lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí irú ọ̀rọ̀ tó gúnni lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìgbà èwe mi ni mo rántí. Mo jókòó, mo ń kọ ọ́, omi ń dà lójú mi." Èmi ni mò ń gbọ́ ọ, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ náà.

Àfi bí wọ́n ṣe pe ìpàdé ẹbí. Ìyá Bíńtín ò ní ẹbí tirẹ̀ nítòsí, ó bẹ̀ mí kí n sin òun lọ. Pálọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, lórí àga tí ọkọ rẹ̀ kàn, lẹ́bàá tábìlì tí ọkọ rẹ̀ kàn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó yọ fóònù, ó gbé e sẹ́bàá etí olórí ẹbí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọmọ yìí. Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀."

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé èmi lọmọ yín. Àbí èmi kọ́ ni?* Ẹ̀rín bú. Àwọn kan nínú pálọ̀ náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà.

"Ohùn ọmọ náà nìyẹn," ni olórí ẹbí wí. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, etí rẹ̀ ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé.

"Òun ni, sà," ni Ìyá Bíńtín wí lórí ìkúnlẹ̀, "àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n jí ọ̀rọ̀ náà gbé ni. Bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Bàbá tó ti kú?" ni àbúrò ọkọ rẹ̀ wí. "Àbí bàbá tó bí i gan-an? Ọ̀gá wọn sọ lórí rédíò pé òun lòun kọ ọ́. Èwo ni ká gbà? Bó bá kọ ọ́, ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún un? Bí kò bá kọ ọ́, a jẹ́ pé ọmọ gan-an ń ṣiyèméjì."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ahọ́n ẹ á kán!" ni mo wí.

"Màmá, kí ni tiyín níbẹ̀? Ẹ padà sínú kàtúùnù."

Olórí ẹbí gbọ́wọ́ sókè. Èèyàn dáadáa ni baba yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí iwájú, ó ń wá ọmọ náà. "Wá, ìyá mi. Wá bá mi níbí." Ọmọ náà lọ. Ó gbá a lọ́wọ́ mú. "Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ, ó sì ti tán. Ta ni bàbá ẹ?"

Gbólóhùn kan péré. Bó bá dárúkọ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, baba náà ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ya ẹnu. Mo ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Ìyá rẹ̀ ń mi orí sí i pé kó sọ ọ́, ó ń mi orí sí i. Ọmọ náà gbójú sókè. Ó wo òrùlé, ó wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wo orí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wá dúró síbì kan. Lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa, iná pupa tíńtín kan ń tàn, irú èyí tó máa ń wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ tó ti ń là, ó pa á dé.

"Ẹ pa iná yẹn!" ni mo kígbe. "Ẹ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí.

"Ìyá mi, mò ń gbọ́ ẹ o," ni baba àgbà náà wí. Ó dúró títí. Ó tẹ etí sílẹ̀ débi pé ó tẹ̀ síwájú lórí àga. Nígbà tó yá, ó tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Bí ọmọ ò bá lè dárúkọ bàbá rẹ̀ níwájú ẹbí, tí ó sì lè bi gbogbo ayé, kí ni èmi fẹ́ wí?"

Wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ kó jáde kí oṣù tó tán. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn, ó ti ń wọn yàrá kí a tó dìde.

A tún padà lọ bá Ọ̀gá. Ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ fún ò ju kó wá bá baba yẹn jókòó, kó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú kàtúùnù. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé o wá fẹ́ kí n dìde lọ pe ara mi ní olè?"

Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ fún un. Mi ò ní tún un sọ níbí, àwọn ọmọdé lè máa kà á. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ló ń ṣe ìyá àgbà. Wọ́n ní ohùn tirẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́, ìyẹn ò kàn mí. Ìyá Bíńtín náà ò padà síbẹ̀.

Ẹ máa rò pé Bíńtín á wá dákẹ́ nínú kàtúùnù. Kò dákẹ́ o. Àjẹkù ti kún. Olóhùn ń gé "mi ò" níbì kan, ó ń gé "fẹ́" níbòmíràn, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, Bíńtín sì ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Wọ́n ní èyí tó wà nílẹ̀ á tó wọn lò pẹ́.

Mo lọ kí wọn níbi tí wọ́n kó lọ. Yàrá kan ni, ògiri pákó ló yà á sọ́tọ̀ sí ti aládùúgbò. Ìyá rẹ̀ ti jáde lọ fọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Ọmọ náà nìkan ló wà nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó máa ń bi mí ìdí tí ẹyẹ kì í fi làágùn! Mo sọ fún un pé mo ti wádìí ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kó làágùn. Irọ́ ni mo pa, mo fẹ́ kó já mi nírọ́ ni. Ó mi orí pé ó gbà. Mo ṣe ohùn ìyá àgbà fún un, mo jí ṣúgà lá níwájú rẹ̀. Ó tún mi orí.

Iná kékeré kan ń pọ́n lára ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí fóònù. Mo rí bó ṣe ń yọ́jú wò ó. Mo dìde, mo pa á. Mo fa aṣọ bo fèrèsé. "Ó ti kú," ni mo wí. "Bíńtín mi, ó ti kú pátápátá. Èmi pẹ̀lú ẹ nìkan ni." Ó súnmọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó mí sókè, mo rí ètè rẹ̀ tó là.

Lẹ́yìn pákó ni ohùn náà ti jáde, fẹ̀rẹ̀, dídùn, bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Aládùúgbò ti tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Ọmọ náà yára kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó mú pẹ́ńsù tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi há etí, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó gbé etí náà lé pákó. Kò wojú mi mọ́. Ó di ojú rẹ̀ pa, ó ń dúró de ibi tí ẹ̀rín máa wọlé. Ẹ̀rín wọlé. Mo gbọ́ tèmi nínú rẹ̀, mo gbọ́ ti ìyá rẹ̀, mo sì gbọ́ ti káfíńtà, tó ga ju ti gbogbo wa, tó já lulẹ̀ níparí bí ẹni tí òsúkè ń gbé. Ọmọ náà túbọ̀ tẹ etí mọ́ ògiri. Pẹ́ńsù náà ò jábọ́. Pákó ló dì í mú.